Iṣẹ́ abẹ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn: ewu tó ṣọ̀wọ́n tí ará ilé gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹni tí rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀wọ́ gbé e sáàárín, kí àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn náà lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tòní ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ní apá Kétu wá. Wọ́n ní ọmọbìnrin wọn kan wà ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ti pé ọdún mẹ́ta, kò sì gbọ́ràn. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní àwọn lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí àwọn fi ẹ̀rọ kan sínú etí rẹ̀, kó lè máa gbọ́. Ni ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn nílé. Ìyá àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ kan orí ọmọ òun, pé òun ti gbọ́ pé ojú ọmọ máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ọpọlọ a sì máa jò. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, pé bí ọmọ bá ti jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á máa dáhùn bí wọ́n bá ti pè é. Ẹgbẹ́ wá bi wá pé: ta ló sọ òótọ́?

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó dé ìdí rédíò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí, màá sì sọ bó ṣe kàn mí fún yín kí n tó parí. Ìdáhùn mi nìyí: ìyá àgbà kò purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò purọ́ tán. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ ni oníkálukú dì mú. Èyí tó sì yẹ kó ká wa lára jù lọ, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Etí wa àti ẹ̀rọ náà

Gbogbo wa la mọ ìgbín. Bí a bá yọ ẹran rẹ̀ tán, ìkarahun rẹ̀ á ṣẹ́kù, tó lọ́ yípo yípo wọnú. Nínú egungun ẹ̀bá etí wa, nǹkan kékeré kan wà tó lọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ó sì lọ́ yípo ní ìgbà méjì ààbọ̀. Omi ló wà nínú rẹ̀, àwọn irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí sì tò síbẹ̀. Bí ohùn bá wọlé, omi á mì, irun á mì, iṣan ìgbọ́ràn á sì gbé iṣẹ́ náà lọ jẹ́ fún ọpọlọ.

Bí àwọn irun wọ̀nyí bá kú, tàbí tí ọmọ bá wá sáyé tí wọn kò dá pé, ohùn á máa wọlé, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò gbé e lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn àgbà kan máa ń fi há etí, èyí tó ń gbé ohùn ga, kò lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Bí ẹ bá pariwo títí lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ta ni yóò dá yín lóhùn?

Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ní èdè Faransé, wọ́n ń pè é ní implant cochléaire. Orúkọ tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu dókítà nìyẹn. Apá méjì ló ní. Apá kan wà lóde: ó há sẹ́yìn etí, ó ní ibi tó ń gba ohùn, ó ní bátìrì, ó sì ní òòfà roboto kan tó ń lẹ̀ mọ́ orí. Apá kejì wà lábẹ́ awọ: òòfà kejì wà níbẹ̀, àti okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí dókítà tì bọ inú ìgbín etí. Ẹ̀rọ òde á sọ ohùn di iná kékeré, okùn á gbé iná náà dé ọ̀dọ̀ iṣan ìgbọ́ràn, láì gba ọ̀dọ̀ àwọn irun tó ti kú.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1957, ní Paris, ará Faransé méjì, Djourno àti Eyriès, fi wáyà oníná kan iṣan ìgbọ́ràn ọkùnrin adití kan, ọkùnrin náà sì gbọ́ ìró. Ní 1978, ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Dókítà Graeme Clark fi irú èyí tó jọ ti òde òní sí etí ẹnì kan. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti fi sí etí ènìyàn káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé, ẹ gbọ́ èyí o. Ọmọ kò ní ti orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ dìde kó máa dáhùn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá kí egbò jinná kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá tan án, ìró ni ọmọ á kọ́kọ́ máa gbọ́, kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Á kọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ, fún oṣù púpọ̀, fún ọdún. Iṣẹ́ ńlá ni fún ìyá, fún bàbá àti fún olùkọ́. Bí wọ́n bá sì bọ́ ẹ̀rọ òde kó lè sùn tàbí kó lè wẹ̀, adití ṣì ni títí wọn á fi wọ̀ ọ́ padà fún un.

Ọ̀nà tí dókítà ń gbà

Ẹ fi ìka kan egungun tó yọ sẹ́yìn etí yín. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn oorun, kò ní mọ nǹkan kan. Dókítà á la awọ, á fi ẹ̀rọ tó ń lu ihò gbẹ́ egungun náà díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wo ibẹ̀. Ibi tó gbọ́dọ̀ gbà há púpọ̀. Iṣan ojú wà lápá kan, iṣan tó ń gbé adùn oúnjẹ wá láti ahọ́n wà lápá kejì, àárín méjèèjì kò sì ju mílímítà mélòó kan lọ. Ẹ ro ẹni tó ru igi, tó fẹ́ kọjá láàárín ìsọ̀ àwọn oníkòkò méjì lọ́jọ́ ọjà Kétu, tí kò gbọdọ̀ fọ́ ìkòkò ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ohun tí ìyá àgbà gbọ́ ti wá.

Ojú tó wọ́

Iṣan ojú ló ń jẹ́ ká lè pa ojú dé, ká rẹ́rìn-ín, ká mu omi láì jẹ́ kó dà sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń lu ihò bá kàn án, tàbí tí gbígbóná ẹ̀rọ náà bá rà á, tàbí tí ibẹ̀ bá wú lẹ́yìn iṣẹ́, ìdajì ojú lè rọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe wọ́pọ̀ tó: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ yìí fún, kì í pé ẹnì kan. Nínú ìwọ̀nba tó sì ṣẹlẹ̀ sí, ojú ọ̀pọ̀ wọn á padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Àwọn dókítà tún ní ẹ̀rọ kan báyìí tó ń ké fún wọn bí wọ́n bá ti sún mọ́ iṣan náà jù.

Nígbà mìíràn, kì í hàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan, kódà ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú tó rọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ojú kan kò pa dé mọ́, tàbí tí ẹnu bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ayé ló ṣe é, ẹ má sì sọ pé atẹ́gùn búburú ló fẹ́ lu ọmọ. Ẹyinjú tí kò rí ìpéǹpéjú bò ó máa ń gbẹ, ó sì lè bàjẹ́. Oògùn wà fún un, àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ohun mìíràn wà tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Ẹ lè rí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹ̀rọ bá ti wà ní títàn. Iná ẹ̀rọ ló ń ta kan iṣan ojú. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lè dín in kù. Kò la iṣẹ́ abẹ mìíràn lọ.

Ní ti adùn ẹnu, ó lè dà bíi pé ọmọ ń lá irin fún ìgbà díẹ̀. Òòyì náà lè kọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí inú etí náà ni ohun tó ń jẹ́ ká dúró gírígírí wà. Méjèèjì sábà máa ń lọ fúnra wọn.

Omi ọpọlọ

Omi kan yí ọpọlọ ká, ó mọ́ bí omi òjò. Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín omi yìí àti ìgbín etí. Ní ara àwọn ọmọ kan tí ìgbín etí wọn kò dá pé láti inú oyún, ọ̀nà yẹn gbòòrò jù. Bí dókítà bá ṣí ìgbín etí, omi á ru jáde. Kì í ṣe pé ó gé ọpọlọ o. Ó mọ ohun tí yóò ṣe: yóò bu díẹ̀ lára ẹran ara ọmọ náà, yóò fi dí ihò náà pinpin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya àwòrán inú orí ọmọ kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìgbín rẹ̀ pé.

Bí omi náà bá ń jò lẹ́yìn tí ọmọ ti délé, ó lè má hàn ní etí rárá, nítorí ọ̀nà kan wà láti inú etí dé ẹ̀yìn imú. Omi tó mọ́ kedere ni ẹ óò rí tó ń kán ní imú, pàápàá bí ọmọ bá tẹrí ba. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ikun ọ̀fìnkìn a máa ki, a sì máa fà. Èyí ń kán bí omi lásán ni. Ẹ má jẹ́ kó fun imú rẹ̀ tagbáratagbára, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi tí omi bá ti ń rí ọ̀nà jáde, kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Egbò, àti ẹ̀rọ tó dákẹ́

Awọ tó bo ẹ̀rọ lè pọ́n, ó lè wú, ó lè gba ọyún. Nígbà mìíràn, òòfà òde ló le jù, tó ń tẹ awọ títí awọ fi bó. Ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àdín pa á, ẹ má fi ewé lé e, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Bí kòkòrò bá ti dé ara ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ awọ, ó ṣòro fún oògùn láti pa á tán, dókítà sì lè ní láti yọ ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ inú fúnra rẹ̀ lè kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tàbí kí ọmọ ṣubú kó fi orí gbá nǹkan. Bí ọmọ tó ń dáhùn lánàá kò bá dáhùn mọ́ lónìí, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì, ẹ wo wáyà òde. Bí kò bá yí padà, ẹ pe àwọn tó ṣe é. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọmọ sínú ẹ̀rọ IRM, èyí tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, ẹ tètè sọ pé òòfà wà lórí ọmọ yìí.

Èyí tí kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀

Méníǹjíìtì ni. Àwọn kan ń pè é ní yírunyírun, àwọn mìíràn ń pè é ní àrùn ọrùn líle. Kòkòrò ló ń wọ inú awọ tó bo ọpọlọ, tí ibẹ̀ á wú. Kì í fi àyè gba ẹni: láàárín ọjọ́ kan ó lè pa ọmọ.

Kí ló so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ etí? Okùn tí wọ́n tì bọ ìgbín etí gba ihò kékeré kan wọlé. Ẹran ara máa ń bo ihò náà. Ṣùgbọ́n bí etí bá ń dun ọmọ, tí kòkòrò kún àárín etí, ó lè rí ọ̀nà tẹ̀lé okùn náà dé ibi tí omi ọpọlọ wà.

Ní 2002, àwọn aláṣẹ ìlera ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù rí i pé méníǹjíìtì ń mú àwọn tó ní ẹ̀rọ yìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá kíyèsí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà fún wọn láàárín 1997 sí 2002. Ọmọ 4,264 ni wọ́n. Nínú wọn, ọmọ 26 ni méníǹjíìtì ti mú. Èyí tí kòkòrò pneumocoque ń fà mú wọn ju ọgbọ̀n ìlọ́po lọ bí a bá fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn. Irú ẹ̀rọ kan tún wà tó ní nǹkan pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń tì tẹ̀lé okùn, kó lè tẹ okùn náà mọ́ ẹ̀bá iṣan. Ara àwọn tó ní irú èyí ni àrùn náà ti pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà ní oṣù keje ọdún 2002.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí olùkọ́. Ọmọ 26 nínú 4,264, ó jẹ́ bí ọmọ mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún kan. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti àwọn tó kù. Ojú tó rọ àti omi tó ru, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, tàbí láìpẹ́ sígbà náà. Méníǹjíìtì lè dúró. Ó mú àwọn ọmọ kan nígbà tó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Nígbà yẹn, dókítà ti jìnnà. Ọwọ́ ìyá àgbà, ọwọ́ olùkọ́, ọwọ́ nọ́ọ̀sì abúlé ni ọmọ wà. Àwa la ó kọ́kọ́ rí i. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ibà la ó pè é.

Ohun tí ojú mi rí

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó ní ẹ̀rọ yìí. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é fún un kí àwọn òbí rẹ̀ tó padà wálé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Onírédíò. Kì í bínú sí i, a máa jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan án.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ó gbé orí lé tábìlì láti àárọ̀. Ó ti bọ́ ẹ̀rọ òde sílẹ̀. Mo rò pé agídí ló ń ṣe, mo pè é, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kan án, ara rẹ̀ gbóná. Mo ní, “Ibà ni.” Ta ni kì í ní ibà nínú wa? Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, kí ìyá rẹ̀ fi wá mú un ní ọ̀sán.

Ìyá rẹ̀ dé. Kò bá mi wíjọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọmọ lé itan, ó gbìyànjú láti tẹ àgbọ̀n rẹ̀ wá sí àyà. Ọmọ náà kígbe. Ìyá náà wò mí, ó ní, “Olùkọ́, láti ìgbà wo?” Mo ní láti aago mẹ́jọ. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó pe alálùpùpù.

Èmi náà tẹ̀lé wọn dé ilé ìwòsàn abúlé. Nọ́ọ̀sì ṣe àyẹ̀wò ibà, àyẹ̀wò sì sọ pé ibà wà lóòótọ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ibà ni, ẹ gba oògùn.” Ni ìyá náà bá tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tó fi ọ̀rá wé. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí ní ẹ̀rọ nínú etí, pé bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n wò ó bóyá méníǹjíìtì ni, kí wọ́n má fi falẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò bínú pé ìyá tí kò mọ ìwé ń kọ́ òun níṣẹ́. Ó fún ọmọ ní abẹ́rẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n fa omi ní ẹ̀yìn rẹ̀. Méníǹjíìtì ni.

Ọmọ náà yè. Ó padà wá sí kíláàsì lẹ́yìn bí oṣù kan, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Èmi ni mi ò tíì gbàgbé wákàtí mẹ́rin tí mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò ṣe é pẹ̀lú èrò búburú. Mi ò mọ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín lónìí.

Ẹ kọ́ nǹkan kan níbẹ̀: kí àyẹ̀wò sọ pé ibà wà kò sọ pé méníǹjíìtì kò sí. Méjèèjì lè wà lára ọmọ kan náà pọ̀.

Ohun tí a lè ṣe

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò pneumocoque ti wà lára àwọn abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2011, ní Tógò láti 2014. Ọmọ tó bá fẹ́ gba ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti gbà á pé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bó bá ti lé ní ọdún méjì, dókítà lè fi irú mìíràn kún un. Ẹ má sọ ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ nù.

Ẹ bi dókítà pé: ṣé àwòrán fi hàn pé ìgbín etí ọmọ wa pé? Ta ni a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ti padà sílé? Níbo la ó ti máa rí bátìrì, ta ni yóò sì máa tún ẹ̀rọ ṣe? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àrífín. Dókítà tó mọṣẹ́ ń retí wọn.

Ẹ gba ìwé bíi ti ìyá yẹn. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkọ́.

Bí ọmọ bá ti délé, ẹ má sun oorun àìmọ̀kan sí àwọn àmì wọ̀nyí: ibà pẹ̀lú orí fífọ́ tó le; ọrùn tí kò tẹ̀ síwájú; èébì; kí ọmọ máa sá fún ìmọ́lẹ̀; kó máa sùn ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó máa sọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn; gìrì. Ní ti ọmọ ọwọ́, ẹ wò ó bóyá àwùjẹ̀ rẹ̀ yọ sókè, bóyá kò mú ọmú mọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lára ọmọ tó ní ẹ̀rọ, ẹ má dúró di ọ̀la. Etí dídùn náà, ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Àríwá ilẹ̀ wa wà lára ibi tí méníǹjíìtì ti máa ń jà jù ní Áfíríkà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àrùn yìí fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọmọ di adití. Bó bá sì ti fọ́ etí, ìgbín etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, tí okùn kò fi ní ríbi wọlé mọ́. Nítorí náà, ọmọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ méníǹjíìtì, ẹ tètè gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá.

Ìyá àgbà, mo ń bá yín sọ̀rọ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ṣe ohun tí àgbà ń ṣe, ẹ bèèrè. Mi ò ní sọ fún ilé yín pé kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n má ṣe é. Mo lè sọ pé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù wà, pé ó ṣọ̀wọ́n, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ní àtúnṣe. Mo tún lè sọ pé bí wọn yóò bá ṣe é fún ọmọ tí a bí ní adití, kí ó tètè jẹ́ ló dára, nítorí ìgbà èwe ni ọpọlọ ń kọ́ ọ̀rọ̀ jù.

Bí wọn kò bá sì ṣe é, ọmọ yín kò di aláìlérè. Adití kì í ṣe òmùgọ̀. Èdè ọwọ́ wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Louho ní Àjàṣẹ́ níbí. Kódà ọmọ tó ní ẹ̀rọ ṣì nílò èdè ọwọ́ nígbà tó bá bọ́ ọ sílẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ọmọ jókòó láì ní èdè kankan, kí ilé máa jà lórí rẹ̀.

Bí ọmọ náà bá wá padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ̀yin ìyá àgbà gan-an ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀ bí ara ọmọ bá gbóná kí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

Lẹ́yìn ètò, kí alága ẹgbẹ́ ka ìwọ̀nyí, kẹ́ ẹ jíròrò lé e lórí:

1. Ní abúlé wa, kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ara ọmọ bá gbóná? Ọjọ́ mélòó la máa ń dúró kí a tó lọ sí ilé ìwòsàn?

2. Ta ló lè fi hàn wá bí a ṣe ń wò ó bóyá ọrùn ọmọ le?

3. Ìwé abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wa dà? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

4. Ṣé adití wà ní àdúgbò wa? Ṣé a ń pè é sí ìpàdé, àbí à ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀?

Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa bí ẹ ti máa ń ṣe. A ó ka díẹ̀ nínú wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣáájú ọ̀rọ̀ owó àgbàdo.